Ọ̀gbẹ́ni Nígbà-Kan-Rí àti Ọwọ́ Òsì Nàbílà

Ìṣẹ́gun, 7 oṣù kẹfà 2005

Mo ríṣẹ́. Kí n má dúpẹ́ jù, nítorí iṣẹ́ ẹ̀gàn ni. Ọ̀gbẹ́ni Moyles, tí ó kọ́ àwọn ilé tuntun sí ẹ̀yìn Ballycoolin ní Dublin níbí, níbi tí màlúù ti ń jẹko láìpẹ́ yìí, ti kọ́ kíláàbù tẹ́níìsì sí àárín wọn. Ó wá ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, ó gba ògbólógbòó kan tí ó ti fi tẹ́níìsì jẹun nígbà kan, pé kí ó wá jẹ́ kóòṣì, kí wọ́n lè rí àwòrán ẹni tí wọn yóò gbé kọ́ ògiri. Èmi ni n ó máa fi takisí gbé e láràárọ̀ láti ilé tí wọ́n gbà fún un létí odò, n ó sì gbé e padà nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlú wọn. Kò sọ ìdí, èmi náà kò bi í. Imú rẹ̀ pọ́n bí ti ọ̀mùtí, ó tó àlàyé.

Wade Tolliver ni ó ń jẹ́. Ó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ó sì wọ ṣòkòtò péńpé bí ọmọ iléèwé. Bí ó ti wọlé ni ó na ife kọfí kan sí mi, pé òun ra tèmi mọ́ tòun. Ọwọ́ òsì ni ó fi nà án. Mo wò ó. Kò yé e. Mo ní kí ó gbé e kalẹ̀ sórí ìjókòó. Ibẹ̀ ni kọfí náà tutù sí, n kò mu ún.

Òjò láti òwúrọ̀. Wọ́n ní ìgbà ooru nìyí.

Jímọ̀, 10 oṣù kẹfà

Mo ti fún un lórúkọ: Ọ̀gbẹ́ni Nígbà-Kan-Rí. Kò sí ohun tí a lè rí lójú títì tí kì í rán an létí ara rẹ̀. Bí a bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà kan rí òun gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú kan tí ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ sí. Bí a bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí òpópónà M50, nígbà kan rí ọlọ́pàá ni ó ń ṣáájú òun lójú títì. Èyí tí ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu jù ni ti Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1984, lórí koríko. Ó ní òun gba sẹ́ẹ̀tì méjì, nínú mẹ́ta tí a fi ń borí, lọ́wọ́ ẹni tí ó wà ní ipò kejì ní gbogbo ayé, tí àwọn èèyàn dìde dúró fún òun.

Mo ní, ta ló wá borí? Ó kọjú sí fèrèsé. Ó ní, "He did."

Mo sọ ọ́ fún Husainat ìyàwó mi nílé. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n yé fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́, pé ṣebí ọmọ wa ń gbá tẹ́níìsì níléèwé, kí n fọgbọ́n bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ mi, kí ni mo fẹ́ bá a sọ? Tí kò bá ti jẹ mọ́ nígbà kan rí, etí rẹ̀ ti di.

Jímọ̀, 17 oṣù kẹfà

Lẹ́yìn ìrun ní mọ́sálásí Clonskeagh, Kazeem tí àwa méjèèjì jọ ń wa takisí ní òun ti wá orúkọ ọkùnrin mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ipò tí ó ga jù tí ó dé láyé rẹ̀ ni ẹni kejìdínlọ́gọ́ta. Ife-ẹ̀yẹ kan ṣoṣo ni ó gbà, pẹ̀lú ẹlòmíràn ni wọ́n sì jọ gbà á. Wọ́n la èjìká rẹ̀ tún ṣe, wọ́n tún un ṣe títí. Kí ó tó pé ọgbọ̀n ọdún, ó ti fi eré sílẹ̀, ó ń ta ìbánigbófò. Lẹ́yìn náà ó ń kọ́ àwọn ìyàwó olówó ní tẹ́níìsì nínú ọkọ̀ ojú omi.

Mo ní mo mọ̀, mo ní mo sọ bẹ́ẹ̀. Kazeem ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni kejìdínlọ́gọ́ta ní gbogbo ayé kì í ṣe kékeré o. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹni kelòó lẹ jẹ́ nínú àwa onítakisí Dublin?"

Gbogbo àwọn tó ń wọ bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bú sẹ́rìn-ín. N kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Ajé, 27 oṣù kẹfà

Husainat ti bọ́ sí iṣẹ́ àárọ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Castleknock, nítorí náà èmi ni mò ń gbé Nàbílà kiri. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, iléèwé ti gba ìsinmi. Mo ní kí ó jókòó sínú ọkọ̀, kí ó kàwé. Kí n tó yíjú padà, ó ti mú rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde, ó ti wà lórí pápá láàárín àwọn ọmọ olówó, ó ń nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Moyles fúnra rẹ̀ rí i, ó pàtẹ́wọ́. "Isn't she only brilliant?" Àwọn ìyá tó jókòó ti kọfí wọn náà dá a lóhùn: brilliant, fair play to her, God love her. Obìnrin kan bá mi bọ ọwọ́. Tolliver nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ mi bí ẹni tó fẹ́ ra bàtà fún un.

Mo wádìí bí èèyàn ṣe ń wọ kíláàbù náà. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì gbọ́dọ̀ dúró fún ọ. Ta ló mọ̀ wá níbẹ̀? Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni ti àwọn ọmọ mẹ́fà tí Tolliver yóò yàn ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ. Àwọn yẹn yóò máa kọ́ṣẹ́ lórí pápá gidi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nàbílà kò tíì sọ pé òun fẹ́ ẹ. Kò sídìí tí yóò fi sọ. Láti ìgbà tí a ti délé ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri aládùúgbò, aládùúgbò ti yọjú lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù keje

Bọ́ǹbù bú ní Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin kan wọ ọkọ̀ mi ní Phibsborough, ó ka orúkọ mùsùlùmí mi lára káàdì takisí mi, ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Mo ní kó bá mi kí wọn nílé.

Ọjọ́rú, 13 oṣù keje

Mo mọ̀ pé kì í ṣe lásán ni ó ń wo ọmọ mi. Bí a ti ń dúró kí òjò dá lónìí, ó sọ bọ́ọ̀lù kan sí Nàbílà lójijì, kò pè é. Ọmọ náà hán an. Ó tún sọ òmíràn, ó tún hán an. Gbogbo rẹ̀, ọwọ́ òsì ni ó fi hán an. Ọkùnrin náà wá rẹ́rìn-ín, èmi tí n kò rí eyín rẹ̀ rí. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Who switched her?"

Mo ṣàlàyé fún un bí ìgbà tí èèyàn ń kọ́ ọmọ ìkókó ní ABD. Ní ilé wa, a kì í fi òsì fún èèyàn ní nǹkan, a kì í fi gbà, a kì í fi jẹun, a kì í nà án sí àgbà. Ọmọ tí ó bá fi òsì bẹ̀rẹ̀, a máa ń tún un ṣe. Ìṣẹ́yìn ni Nàbílà wà lọ́dọ̀ ìyá mi títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá fi àkísà wé ọwọ́ náà, ó ń fi ata kùn ún, títí ọmọ fi gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí láti ìgbà náà.

Tolliver ní ọmọ náà kò gbàgbé. Ó ní ọ̀tún tí ọmọ mi fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́ ọ. Òsì ni tirẹ̀. Pé ọ̀tún náà yóò máa na àwọn ọmọ kéékèèké fún ọdún díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà gbogbo wọn ni yóò máa nà án. Kí ó padà sí òsì lọ́la.

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni òun fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún un ṣe nílé wọn, ibi tó gbé e dé náà sì nìyí, ẹ̀yìn takisí mi. Mo ní, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́. Kó wá ògbufọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù keje

Tolliver ní bí kò bá ti jẹ́ òsì, òun kò ní kọ́ ọ. Ojú ọmọ náà ni ó ti sọ ọ́. Mo ní kó má kọ́ ọ. Nàbílà ní, "It's only a forehand, Da."

Mo ti ní kó yé pè mí ní Da bí àwọn ọmọ Dublin ṣe ń pe bàbá wọn. Mo ní orúkọ nílé baba mi.

Mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá Husainat, ẹni tí kì í jẹ́ kí ọmọ fi òsì gbé ife omi. Mo rò pé yóò tì mí lẹ́yìn. Ó ń ká aṣọ, kò gbójú sókè. Ó ní, "Jíjẹ àti mímu ni wọ́n kọ́ èmi. N kò tíì gbọ́ tẹ́níìsì nínú wáàsí kankan." Nígbà wo ni òun náà di ààfáà?

Àìkú, 17 oṣù keje

Mo ra káàdì fóònù, mo pe Ìyá ní Ìṣẹ́yìn. Ẹni tó wé e ni yóò sọ pé kí wọ́n má tú u. Lẹ́yìn tí ó ti kí gbogbo wa tán títí kan ọkọ̀ mi, mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, mo sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Ìyá ní, "Àlíyù, ṣé wọ́n ń kí àgbà níbi eré náà?"

Mo ní, "Rárá, mà."

"Ṣé wọ́n ń fúnni ní oúnjẹ níbẹ̀?"

"Rárá o."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe?"

Mo ní wọ́n dojú kọ ara wọn, àwọ̀n wà láàárín, èyí ń gbá bọ́ọ̀lù sí tọ̀hún, tọ̀hún kò gbọdọ̀ lè dá a padà.

Ó ní, "Ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn nígbà náà. Ọwọ́ wo lo tún fẹ́ kó fi fún ọ̀tá ní nǹkan? Jẹ́ kó fi òsì fún un, kí tọ̀hún mọ̀ pé wọ́n tàbùkù òun."

Káàdì tán níbẹ̀. Nàbílà tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo ní mo rò pé kò gbọ́ Yorùbá. Ó ní, "I hear it grand."

Ajé, 18 oṣù keje

Mo jíṣẹ́ fún Tolliver, mo sì fún ojú pọ̀. Òsì Nàbílà, orí pápá nìkan. Kò gbọdọ̀ fi na nǹkan sí mi, kò gbọdọ̀ fi jẹun, kò gbọdọ̀ fi júwe ọ̀nà. Ó ní, "Yes, sir." N kò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣẹ̀sín.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù keje

Adìyẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Ọmọ tí ó ń nà wọ́n ní oṣù kẹfà ti di ẹni tí gbogbo wọn ń nà. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń fò kọjá wáyà lọ bá àwọn mọ́tò. Ọ̀kan bà lé orí ọkọ̀ Moyles, Moyles rẹ́rìn-ín, ó ní kò séwu, she's great. Àwọn ìyá ní, you're great, pet. Mo wo ojú wọn dáadáa. Ọmọ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ sínú àpótí ìdọ̀tí ni wọ́n ń kí kú iṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó kéré tán, àwọn mọ bí a ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

Nígbà-Kan-Rí kò mọ̀ ju "Again" lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò lè gbé apá kọjá èjìká. Nígbà tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù, ìsàlẹ̀ ni ó ti ń bù ú bí ẹni ń bu omi nínú odù. Ẹni tí ayé dìde fún ní Lọ́ńdọ̀nù rèé.

Epo bẹntiróòlù tún gun òkè. Ó ti ju yúrò kan lọ ní gbogbo ibi tí mo yà sí.

Àbámẹ́ta, 30 oṣù keje

Nàbílà pàdánù fún ọmọbìnrin kan tí kò tó o lóòró, tí kò tó o lẹ́sẹ̀, tí kò tó o ní nǹkan kan. Ó wọ ọkọ̀, ó fi aṣọ bojú títí a fi délé. Mo ní kó padà sí ọ̀tún, pé kò sẹ́ni tí yóò bi í. Ó ní, "I would, only I can feel it now." Mo ní kí ni ó ń fẹ́ẹ̀lì? Kò lè ṣàlàyé.

Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kẹjọ

Tolliver tún ìtàn Lọ́ńdọ̀nù sọ. Ní oṣù kẹfà, sẹ́ẹ̀tì méjì ni ó gbà. Lónìí ó ti fi ìdajì ìkẹta kún un. Bí ó bá pẹ́ dé oṣù kejìlá níbí, yóò borí.

Àìkú, 14 oṣù kẹjọ

Kí n kọ èyí sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni mo padà lọ gbé Nàbílà ní kíláàbù. Ọmọbìnrin tó nà án lọ́jọ́sí gbá bọ́ọ̀lù kan sí igun tó jìnnà, mo ti ní ó ti lọ. Nàbílà sáré, ara rẹ̀ ṣí, apá òsì náà wá láti ibi tí n kò mọ̀, bọ́ọ̀lù náà sì yà kúrò lọ́dọ̀ ọmọ tọ̀hún bí ẹni pé wọ́n pè é lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá ń sọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n fẹ́ rà ní Bùlùgéríà.

Tolliver ní, "There."

Ìyẹn nìkan ni ó sọ. Nàbílà sì ń wí i láti ibẹ̀ délé, ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. Mo pòṣé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà nínú ilé ìwẹ̀, mo gbìyànjú láti ju apá òsì tèmi bí ó ti jù ú. Ọṣẹ jábọ́.

Jímọ̀, 19 oṣù kẹjọ

Ọ̀la ni. Mo ṣe àdúà fún un ní Clonskeagh. Husainat ti fọ aṣọ funfun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo tọrọ kí ọ̀la má dójú tì í, mo sì tọrọ fún ara mi náà, nítorí mo ti fẹ́ ẹ jù.

Àbámẹ́ta, 20 oṣù kẹjọ

Kò mú un.

Nàbílà gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, gbogbo wọn borí rẹ̀. Mo mọ ìyẹn. Ojú mi kò fọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ́ dà báyìí? Ọ̀tún rẹ̀ ì bá ti na gbogbo wọn kí oòrùn tó kanrí. Ọkùnrin náà gba nǹkan tó dára lọ́wọ́ ọmọ mi, ó fún un ní èyí tí kò tíì jinná, ó wá dúró níwájú gbogbo ayé, ó ka orúkọ mẹ́fà, ó wo Nàbílà lójú, ó ní, "You're not ready."

Moyles gbá a mọ́ra, ó ní she was only brilliant. Mo rí i tí òun àti Tolliver ń jà ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, Moyles pọ́n bí ata. N kò dúró. Mo fi Nígbà-Kan-Rí sílẹ̀ síbẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ rìn dé odò.

Àìkú, 21 oṣù kẹjọ

Husainat ní èmi ni mo fà á. Mo ní ta ló sọ pé òun kò gbọ́ tẹ́níìsì nínú wáàsí? A kò jẹun pọ̀. Nàbílà ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Ọjọ́rú, 24 oṣù kẹjọ

Wọ́n ní kí n gbé Tolliver lọ sí Dublin Port, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ó ń gba ojú omi lọ sí Holyhead, kíláàbù kan wà ní Wales tó ń wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn arúgbó. N kò fẹ́ lọ. Iṣẹ́ ni iṣẹ́.

A ti kọjá afárá kí n tó bi í pé kí ni ọmọ mi fi ṣe é. Ó ní Moyles fẹ́ kí òun fi orúkọ Nàbílà sínú mẹ́fà náà. Ó ti sọ ọ́ láti oṣù keje. Òun kọ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe jà, nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kó máa lọ.

Mo ní, "They wanted her, and you said no?"

Ó ní, "I said no."

Ìtìjú àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi nìkan ni kò jẹ́ kí n já a sílẹ̀ láàárín títì. Mo pè é ní gbogbo orúkọ tí mo mọ̀, mo fi èdè méjèèjì pè é. Ó jẹ́ kí n parí.

Ó wá sọ ìtàn kan tí n kò tíì gbọ́. Ní Fresno ní Amẹ́ríkà, nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kò sí ọmọ tó lè dá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ òun, ìyẹn serve, padà. Bí òun ṣe ń ju èjìká kò dára. Kóòṣì rí i, bàbá òun rí i. Wọ́n ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ọmọ ń borí. Gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí èjìká náà fi ya, ọdún kejì sí ti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní bí Nàbílà bá wọ inú àwọn mẹ́fà, gbogbo Sátidé ni wọn yóò máa gbé e jáde kí àwọn èèyàn lè wò ó. Yóò padà sí ọ̀tún, nítorí bíborí dùn. Ọdún méjì ni ó gbọ́dọ̀ fi pàdánù níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, ó ní, kí n wá máa wò ó.

Mo ní, "You were only number fifty-eight." Ìkà ni mo fi sọ ọ́, mo fẹ́ kó dùn ún.

Ó ní, "With that serve? Fifty-eight was a miracle."

N kò rí ibi tí irọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì wá a. Ní pọ́ọ̀tù, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká tó dára, ó ń wọ́ èyí tó kù nílẹ̀. N kò bá a gbé e. Mo ti dé East Wall lójú ọ̀nà ilé kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Jímọ̀, 26 oṣù kẹjọ

Moyles pè mí lórí fóònù lẹ́yìn ìrun. "Ali, good news." Ó ní àwọn ti tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, àyè keje ti wà fún Nàbílà. Ìyàwó mínísítà kan ń bọ̀ wá ṣí kíláàbù náà ní Sátidé tó ń bọ̀, kí n mú un wá nínú aṣọ funfun, wọn yóò ya fọ́tò rẹ̀ fún ìwé ìpolówó. Ó ní, "She's what it's all about, Ali. The new Ireland."

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo ti ń ro irú bàtà tí n ó rà fún un. Mo kàn bi í pé ọwọ́ wo ni kóòṣì tuntun yóò fẹ́ kó máa fi gbá a.

Ó ní, "Sorry?"

Mo ní, "Left or right? She is changing her hand."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dára. "Ah, whichever, Ali. Sure it's only a photo."

Mo gbé ọkọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Láti oṣù kẹfà ni mo ti ń kórìíra ẹni tí kò yin ọmọ mi, tí mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń yìn ín. Ọmọ mi ń borí, brilliant. Ó ń pàdánù, brilliant. Wọn kò tilẹ̀ wo ọwọ́ tó fi ń gbá a. Gbogbo ẹ̀gàn tí mo fi kún ìwé yìí, ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀ ni mo gbé e lọ.

Mo ní, "She will not be available." Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú.

Husainat ní ṣé orí mi pé, ṣé mo mọ iye èèyàn tó ń wá irú àyè bẹ́ẹ̀. Mo sọ ohun tí Moyles sọ fún un. Ó jókòó, ó ní, "Fọ́tò?" Nàbílà ni ó sunkún. Ọmọdé ni, ó fẹ́ aṣọ funfun, ó fẹ́ pápá tó ń dán. Ó ní, "You could've asked me, Da."

Òótọ́ ni. N kò bi í. N kò sì lè bá a jà nítorí Da náà.

Àìkú, 28 oṣù kẹjọ

Lánàá, Nàbílà kò bá mi sọ̀rọ̀. Lónìí, nígbà tí mo fẹ́ jáde lọ ṣiṣẹ́, ó wọ ẹ̀yìn takisí bí èrò, ó gbé rákẹ́ẹ̀tì méjì lé itan, ó ní, "The park."

Pápá tẹ́níìsì ìjọba tó wà níbẹ̀ ti sán, koríko ti hù jáde láàárín rẹ̀, ẹnì kan sì ti jí àwọ̀n gbé. Mo so okùn tí mo fi ń di ẹrù mọ́ òpó méjèèjì. Kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀. Èmi tí n kò di rákẹ́ẹ̀tì mú rí láyé mi ni mo bọ́ kóòtù ọrùn mi, mo dúró ní òdìkejì, mo ń ju bọ́ọ̀lù sí i. Àkọ́kọ́, ó gbá a sínú igbó. Èkejì, igbó. Mo lọ mú un wá, ẹ̀gún gún mi, mo tún jù ú. Igbó. N kò sọ pé ó dára. Mo ní, "Again."

Ó wò mí, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Èyí tí mo jù tẹ̀ lé e, ó fi òsì gbá a kọjá létí mi, n kò rí i rárá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́.

Ó ní, "Daddy, you'd want to stand back."

Mo sún sẹ́yìn. Ó ní ó kù. Mo tún sún, títí ẹ̀yìn mi fi kan wáyà.